Kí Ẹ Tó Tan Léèdì: Bí A Ṣe Ń Yí Igi Lórí Ẹ̀rọ Láì Fara Pa

Léèdì ni ẹ̀rọ tó ń yí igi kí a lè fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ẹ. Àwo igi kan tó fẹ̀ ní íǹṣì 12, tí léèdì ń yí ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 57 ní wákàtí. Ẹ sún eré ẹ̀rọ dé 2,000, ó di kìlómítà 115, eré ọkọ̀ lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí igi náà bá wá fò, kì í ṣe ìlọ́po méjì ni agbára tó máa fi gbá èèyàn, ìlọ́po mẹ́rin ni. Bẹ́ẹ̀ rèé, léèdì kò dẹ́rù bani lójú bíi ti ayùn ẹlẹ́rọ. Kò ní eyín, ariwo rẹ̀ kò pọ̀, ó kàn ń yí. Ìyẹn ló ń tan ọmọ iṣẹ́ jẹ.

Ohun tó léwu jù níbẹ̀ kì í ṣe ẹnu ṣísẹ́lì. Igi tó tú kúrò lórí ẹ̀rọ ni. Ìgbà tí igi bá sì máa fi tú, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́: nínú pákó tí a kò yẹ̀ wò, nínú síkúrù tí kò wọlé tó, lórí púlì tí a gbé bẹ́líìtì sí láìṣírò. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ẹ tó tẹ súìṣì ni.

Orúkọ díẹ̀ tí a máa lò: orí léèdì ni ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí bẹ́líìtì ti ń yí ọ̀pá. Ìdí léèdì ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, èyí tó ní irin ṣónṣó, tó sì ṣeé sún. Irin ìgbélé ni èyí tó dúró níwájú igi, tí a ń gbé ṣísẹ́lì lé.

Igi tó yẹ kó gun orí ẹ̀rọ

Ẹ gbé igi náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ yí i ká. Ẹ wá ibi tó ti sán, kókó tó ń mì, èèpo tó há sínú igi, ojú àlẹ̀mọ́ tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ tán, àti irin. Igi tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tàbí létí títì kì í sábà ṣàìní ìṣó, nítorí àwọn èèyàn ti fi so okùn aṣọ, wọ́n ti kan pátákó mọ́ ọn. Bí igi ṣe ń sanra, ara rẹ̀ á gbé ìṣó náà mì. Mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá tú lára ẹ̀rọ agbóhùn tó ti bàjẹ́ lè fi ìṣó tó wà nítòsí ojú igi hàn; ẹ rìn ín ká gbogbo ara igi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé igi sókè ní ọwọ́ kan, kí ẹ fi òòlù onígi kàn án. Èyí tó pé máa dún ketekete. Èyí tó ti là nínú máa dún bí ìkòkò tó sán. Orí igi, níbi tí ayùn ti gé e, ni ìsán ti ń bẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, pàápàá pákó tó ti jókòó fún oṣù mélòó kan nínú oòrùn ní ọjà pákó bíi ti Bódìjà. Ẹ gé íǹṣì kan tàbí méjì kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Tí ìlà náà bá ṣì wà níbẹ̀, igi yẹn kò sí fún léèdì. Ẹ fi ṣe nǹkan mìíràn. Gọ́ọ̀mù kíákíá tí wọ́n ń tà nínú túùbù kékeré kì í sọ igi tó là di odidi, ó kàn ń bo ojú ìlà mọ́lẹ̀ ni.

Tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ àwo tàbí odó, ẹ má gbé igi onígun mẹ́rin ńlá lé ẹ̀rọ. Ẹ fi ayùn gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, kó di onígun mẹ́jọ ó kéré tán. Igun ńlá ń gbá ṣísẹ́lì bí òòlù, ó sì ń mú kí ẹ̀rọ máa jó. Ẹsẹ̀ tábìlì àti ọ̀pá ọwọ́ àtẹ̀gùn tó jẹ́ íǹṣì 2 sí 3 kò nílò èyí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tábìlì ní ewu tirẹ̀: a máa ń fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ ní onígun mẹ́rin kí a lè dá ihò sí i. Bí ó bá ti ń yí, igun yẹn kì í hàn mọ́, bí òjìji ni ojú ń rí i. Ìka tó bá kàn án máa fọ́. Ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé funfun tàbí pupa kun ibi tí onígun mẹ́rin parí sí, kí ojú yín lè rí ààlà náà nígbà tó bá ń yí.

Bí a ṣe ń dì í mú

Láàárín orí àti ìdí léèdì: ẹ fa ìlà láti igun dé igun ní orí igi méjèèjì, ibi tí ìlà ti pàdé ni àárín. Ẹ fi òòlù onígi lu irin eléyín mẹ́rin, èyí tí orí léèdì fi ń yí igi, wọ igi lórí tábìlì, títí eyín rẹ̀ á fi wọlé tó mìlímítà 3. Ẹ má lù ú nígbà tó ti wà lórí ẹ̀rọ, bíárìn orí léèdì lẹ máa fi bẹ́ẹ̀ fọ́. Tí igi bá le bí àpá tàbí ayìn, ẹ kọ́kọ́ fi ayùn ọwọ́ ya àgbélébùú sí i, kí eyín lè ríbi jókòó. Ẹ wá sún ìdí léèdì wá, ẹ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó yí ọwọ́ rẹ̀ kí ṣónṣó wọ igi.

Ọ̀pọ̀ léèdì tí àwọn wẹ́dà ń jó fún wa nílé, ṣónṣó rẹ̀ kì í yí. Igi ló ń yí lórí irin tó dúró sójú kan. Irin náà á gbóná, á máa jó igi, ihò á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí igi á fi dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Tí ẹ bá rí èéfín tàbí tí ẹ gbọ́ òórùn igi jíjó níbẹ̀, ó ti pẹ́. Ẹ fi gíríìsì tàbí ìda sí orí ṣónṣó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 àkọ́kọ́, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún un fún, nítorí ara igi ti rọ̀ níbi tí irin ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 10. Tí owó bá wà, ṣónṣó oníbíárìn tó ń bá igi yí ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ṣáájú ṣísẹ́lì tuntun èyíkéyìí.

Àwo irin pẹlẹbẹ tí a ń fi síkúrù dè mọ́ igi, ìyẹn féèsì-pléètì: ẹ má fi síkúrù dúdú tí wọ́n fi ń kan síìlì dè é. Síkúrù yẹn le, ṣùgbọ́n ó ń tètè ṣẹ́. Orí rẹ̀ á já lójijì láìkọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ lo síkúrù tó nípọn, nọ́ńbà 10 tàbí 12, kó wọ inú igi tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì ó kéré tán, kí ẹ sì fi sí gbogbo ihò. Àwọn kan á fi síkúrù 2 sí ihò 4 nítorí kí iṣẹ́ lè yá. Orí igi kì í di síkúrù mú bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ń dì í mú, torí pé síkúrù wọ àárín fọ́nrán igi dípò kó gba orí wọn kọjá. Tó bá pọn dandan, ẹ lo èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi ìdí léèdì ti igi ní iwájú.

Ṣọ́ọ̀kì ẹlẹ́nu mẹ́rin, ìyẹn irin orí léèdì tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa láti di igi mú: èyí ló ń mú iṣẹ́ yá jù, òun náà ló sì ń tú jù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ bí ọrùn igi ṣe yẹ kó rí. Ọrùn ni apá kékeré tí a gbẹ́ sídìí igi kí ẹnu ṣọ́ọ̀kì lè dì í mú. Kí ìbú rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú àwo, kí ó gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Èjìká igi, ibi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀, gbọ́dọ̀ jókòó pẹlẹbẹ lórí ẹnu ṣọ́ọ̀kì. Orí ọrùn kò sì gbọdọ̀ kanlẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá kanlẹ̀, èjìká kò ní jókòó, igi á máa mì lórí ọrùn bí ẹyin lórí ọmọrí ìgò. Ọrùn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo bí igbá kò ṣeé dì mú; ó gbọ́dọ̀ bá ìrísí ẹnu ṣọ́ọ̀kì mu, kó dúró gbọnrangandan tàbí kó fẹ̀ síta díẹ̀ níwájú. Ẹ jẹ́ kí ìdí léèdì ti igi títí dìgbà tó bá di dandan pé kó kúrò. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín nígbà tó bá wà nínú ihò rẹ̀: tí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti fún, ẹ fi ọwọ́ yí igi ní ìgbà kan odindi. Kò gbọdọ̀ kan irin ìgbélé, kò gbọdọ̀ kan bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ, irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ igi. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún nìyẹn gbà.

Eré ẹ̀rọ

Ìṣirò tí àwọn tó ń yí igi ń lò kò le: ẹ fi ìbú igi ní íǹṣì sọ iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan di púpọ̀, èsì rẹ̀ kó wà láàárín 6,000 sí 9,000. Igi íǹṣì 3: 2,000 sí 3,000. Àwo íǹṣì 10: 600 sí 900. Odó íǹṣì 15: 400 sí 600. Iye yìí wà fún igi tó ti rọbótó. Nígbà tó bá ṣì rí págunpàgun, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì iye kékeré náà, kódà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Lórí léèdì olówó ńlá, bọ́tìnì lẹ máa yí. Lórí tiwa, púlì ló ń sọ ọ́. Ẹ wo pátákó kékeré tó wà lára mọ́tò iná: ọ̀pọ̀ wọn ń yí ní 1,440, àwọn mìíràn ní 2,880. Ẹ wọn ìbú púlì mọ́tò, ẹ wọn ti orí léèdì. Púlì mọ́tò, ẹ fi ti orí léèdì pín in, kí ẹ wá fi 1,440 sọ ọ́ di púpọ̀. Púlì íǹṣì 3 tó ń fa ti íǹṣì 6 máa fún yín ní 720. Íǹṣì 2 tó ń fa íǹṣì 6: 480. Íǹṣì 4 lórí íǹṣì 4: 1,440. Íǹṣì 5 tó ń fa íǹṣì 2½: 2,880, èyí tí kò sí fún ohunkóhun tó ju íǹṣì 3 lọ. Ẹ fi kùn kọ àwọn iye náà sára ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ púlì kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ iṣẹ́ má bàa máa ro ó. Tí mọ́tò tí ẹ rà bá jẹ́ 2,880 tí ẹ kò sì mọ̀, gbogbo iye yẹn ti di ìlọ́po méjì. Ọ̀nà tí àwo ń gbà fò kọjá òrùlé nìyẹn.

Ìṣirò yìí ní ibi tó ti ń tan èèyàn. Ọ̀pá ọwọ́ àtẹ̀gùn tó gùn ní ẹsẹ̀ 3, tó nípọn ní íǹṣì 1½, ìṣirò máa ní kí ẹ yí i dé 4,000. Ẹ má dán an wò. Igi tó gùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń nà bí ẹgba láàárín, ó sì lè ṣẹ́. 1,400 ti tó fún un, kí ẹ sì ṣe àtìlẹ́yìn onígi fún un láàárín.

Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, ẹ dín eré rẹ̀ kù títí gbígbọ̀n náà á fi dáwọ́ dúró. Àwọn kan gbà pé tí èèyàn bá sún eré sókè, ẹ̀rọ máa “bọ́ nínú ẹ̀”. Nígbà mìíràn ó ń bọ́ nínú ẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú igi. Ẹ kan ẹsẹ̀ léèdì mọ́ kọnkéré, tàbí kí ẹ di àpò iyanrìn 2 tàbí 3 lé abẹ́ rẹ̀.

NEPA àti bẹ́líìtì

Wọ́n mú iná lọ nígbà tí igi ń yí lọ́wọ́. Ẹ gbé ṣísẹ́lì sílẹ̀, ẹ lọ jẹun. Ọmọ iṣẹ́ wá fi ọwọ́ kan igi náà láti wo bó ṣe ń dán, ó ń tú ṣọ́ọ̀kì, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ihò. Iná dé. Kò sí ohun tó lè dá ẹ̀rọ yẹn dúró, nítorí súìṣì ṣì wà ní títàn. Bí a bá ní ká mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìkìlọ̀ yìí fún ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Nàìjíríà, èyí ni: nígbà tí iná bá lọ, kí ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ yín máa ṣe jẹ́ pípa súìṣì, kí èkejì jẹ́ yíyọ púlọ́ọ̀gì. Àtúnṣe tó dára jù ni súìṣì onímágínẹ́ẹ̀tì, èyí tó ní bọ́tìnì àwọ̀ ewé àti pupa. Tí iná bá lọ, ó máa já fúnra rẹ̀, kò sì ní tàn títí ẹnìkan á fi tún tẹ bọ́tìnì àwọ̀ ewé. Àwọn oníná mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ kàn án síbi tí ẹ lè dé láìkọjá níwájú igi, bí ẹ bá sì lè fi orúnkún tẹ ti pupa, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́líìtì àti púlì gbọ́dọ̀ ní ìbòrí, ì báà ṣe pákó tàbí páànù. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni bẹ́líìtì sábà máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn ń gbà kọjá. Kí ẹ tó pààrọ̀ púlì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ má fi ọwọ́ ti bẹ́líìtì sórí púlì nígbà tó ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀, ibi tí ìka ń bá a wọlé nìyẹn. Ara ẹ̀rọ tó jẹ́ irin gbọ́dọ̀ ní wáyà ilẹ̀.

Aṣọ àti ìdúró

Ohunkóhun tó bá ń fì lára yín, léèdì lè wé e. Apá aṣọ gígùn, ìbòrùn, etí gèlè, okùn híjáàbù, ẹ̀gbà ọrùn, okùn fóònù, irun gígùn tí a kò dì. Ẹ ká apá aṣọ kọjá ìgbọ̀nwọ́, ẹ ki etí aṣọ bọ ṣòkòtò. Ẹ bọ́ òrùka àti aago. Ìbọ̀wọ́ náà kò sí níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ló rò pé ó ń dáàbò boni, ṣùgbọ́n tí igi bá fa fọ́nrán kan lára rẹ̀, ọwọ́ máa bá a lọ. Bàtà tó bò ni kí ẹ wọ̀, nítorí ṣísẹ́lì tó bá já máa ń fi ẹnu balẹ̀.

Fún ojú, awò iṣẹ́ nìkan kò tó. Ìbòjú onírọ́bà gaara tó bo iwájú orí dé àgbọ̀n ló yẹ, èyí tí wọ́n kọ Z87+ sí lára (àmì pé wọ́n ti dán an wò pé kì í tètè fọ́), pẹ̀lú awò lábẹ́ rẹ̀. Òun náà kò lè dá odidi àwo íǹṣì 14 dúró. Ìdí nìyí tí ibi tí ẹ dúró sí fi ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ fi sójú lọ. Ẹ fojú inú fa ìlà láti ara igi, bí ẹni pé ó jẹ́ ojú táyà ọkọ̀: ìlà yẹn, síwájú, sókè, àti lẹ́yìn, ni igi máa gbà tó bá fò. Ẹ kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì jẹ́ kó yí fún ìdajì ìṣẹ́jú kí ẹ tó wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wo iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó wá tajà. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kò sì gbọdọ̀ bọ́ sí orí ìlà náà.

Àárín igi kó wà ní déédéé ìgbọ̀nwọ́ yín. Ẹ gbá èérún igi kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó ń yọ̀. Ẹni tó ti mu paraga kó lọ sùn, iṣẹ́ máa wà lọ́la.

Ṣísẹ́lì, àti ìdí tí igi fi ń gbá a mú

Fáìlì àtijọ́ tí wọ́n lọ̀ di ṣísẹ́lì pọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wa. Ó mú, kò wọ́n, ó sì léwu gan-an. Irin fáìlì le kọjá ààlà, kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Tí igi bá gbá a mú, ó máa fọ́ bí gíláàsì, àfọ́kù rẹ̀ á sì bá ojú lọ. Ṣísẹ́lì káfíńtà náà kì í ṣe ti léèdì: ó kúrú jù, ìrù irin tó wọ inú èèkù kò tó nǹkan. Ṣísẹ́lì léèdì gidi nípọn, èèkù rẹ̀ gùn tó íǹṣì 12 sí 18, ó sì ní òrùka irin lọ́rùn èèkù kí igi rẹ̀ má là.

Gọ́ọ̀jì ńlá, ìyẹn ṣísẹ́lì ẹlẹ́nu kòtò tí a fi ń bó igun ẹsẹ̀ tábìlì, ẹ má gbé e wọ inú àwo láé. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìrù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú àwo, fọ́nrán igi ń yí padà sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti há, ìrù yẹn máa ṣẹ́ lọ́rùn èèkù.

Irin ìgbélé kó jìnnà sí igi ní ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì sí ìdá kan nínú mẹ́rin, kò jù bẹ́ẹ̀. Bí igi ṣe ń tín-ín-rín, àyè yẹn ń fẹ̀, ẹnu ṣísẹ́lì á wá máa yọ síta. Ìgbà náà ni igi á máa lo ṣísẹ́lì bí ọ̀pá gbéwúwo, ẹ̀yin lẹ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tó máa fò sókè. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sún irin náà, kí ẹ tún fi ọwọ́ yí igi wò. Ẹ má sún un nígbà tí igi ń yí.

Ètò rẹ̀ kì í yí padà: ṣísẹ́lì kọ́kọ́ jókòó lórí irin ìgbélé, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìyẹn ibi tí a lọ̀ lẹ́yìn ẹnu, máa kan igi tí kò tíì gé nǹkan kan, kí ẹ tó wá gbé èèkù sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ẹni tó bá fi ẹnu ṣísẹ́lì kan igi ṣáájú kó tó kan irin, ohùn “gbà!” ló máa gbọ́. Ṣísẹ́lì tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ló ń bu èèyàn jẹ jù: ìdajì ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan la fi ń gé. Tí ṣónṣó òkè bá ti kan igi, ó ti bọ́. Ṣísẹ́lì pẹlẹbẹ tí a fi ń ha igi, èèkù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ẹnu lọ. Ní ẹ̀yìn àwo, kí ẹnu rẹ̀ wà ní déédéé àárín tàbí nísàlẹ̀ díẹ̀. Nínú àwo, ní déédéé àárín tàbí lókè díẹ̀. Bó bá ṣèèṣì wọlẹ̀, á bọ́ sí òfìfo dípò kó rì sínú igi.

Ṣísẹ́lì tó kú ń jẹ́ kí èèyàn tì í, ẹni tó bá sì ń ti ṣísẹ́lì kò ní lè dá ara rẹ̀ dúró nígbà tó bá yọ̀. Ẹ pọ́n ọn kí ó tó kú pátápátá. Lórí ẹ̀rọ ìpọ́nrin, àyè àárín òkúta àti irin ìgbélé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 3 lọ.

Sáńpépà, òróró, eruku

Ẹ yọ irin ìgbélé kúrò pátápátá kí ẹ tó fi sáńpépà kan igi. Ìka tó bá há sáàárín irin àti igi tó ń yí kò ní bọ́ lódindi. Fún ẹsẹ̀ tábìlì, ẹ di sáńpépà mú nísàlẹ̀ igi, níbi tó ti ń sá lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Tó bá fà á, á jù ú nù, kò ní fa ọwọ́ wọlé. Nínú àwo, apá òsì nísàlẹ̀ ni. Ẹ má wé sáńpépà mọ́ ìka, ẹ má sì fi àkísà kun òróró nígbà tí ẹ̀rọ ń yí. Tíṣù ni kí ẹ lò, torí pé ó máa ń já. Àkísà tó ti mu epo linseed, òróró tí a fi ń kun igi, máa ń gbóná fúnra rẹ̀ tí ẹ bá rún un jọ, ó sì lè gbiná lóru. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo irin onídérí.

Eruku tí ojú ń rí kọ́ ló ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe jù, èyí tí kò hàn tó ń léfòó fún wákàtí ni. Láti ọdún 1995 ni IARC, ilé iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ tó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá nínú imú. Igi tiwa náà ní èyí tó burú ju ara wọn lọ: ìrókò máa ń jẹ́ kí ara yún, kí imú àti ojú máa ta, arère lè fa ikọ́ fée, mansóníà máa ń fa sísín, ó sì lè mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀. Ìbòmú N95 tó fún mọ́ ojú ni kí ẹ lò, kì í ṣe aṣọ tí a so mọ́ imú. Ṣọ́ọ̀bù tí kò lógiri dára. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, kó lè gbé eruku lọ síwájú.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ohùn ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ yí padà. “Tàkà-tàkà” tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí ìlà kan tó ń hàn tó ń parẹ́ lójú igi: ẹ fà sẹ́yìn kúrò nínú ìlà igi, kí ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ má fi ọwọ́ dá igi dúró.

Ohun tó bo ojú lásán, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ má fi ọwọ́ ra á. Èérún tó gún ẹyinjú wọlé, ẹ má fà á yọ. Ẹ fi ìdí ife ìwé bò ó kí nǹkan kan má tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá ilé ìwòsàn lọ. Fún ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ. Ìka tó bá já, ẹ fi aṣọ tútù mímọ́ wé e, kí ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà lé yìnyín. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ìka fúnra rẹ̀.

Igi tó fò, ẹ má jù ú sínú iná. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ihò eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti yí di òbìrìkìtì kan, ìdí léèdì kò fún tó. Bí orí síkúrù bá já tí ara rẹ̀ ṣì wà nínú igi, irú síkúrù ni; bí ó bá fa igi jáde pẹ̀lú ara rẹ̀, kò wọlé tó. Bí ọrùn bá ṣẹ́ kúrò lára àwo, ó kéré jù, tàbí ṣísẹ́lì gbá igi lójijì. Bí ọrùn bá wà lódindi, tí àpá ẹnu ṣọ́ọ̀kì sì hàn ní etí rẹ̀ nìkan, èjìká ni kò jókòó. Bí igi bá sì là sí méjì, tí àárín rẹ̀ dúdú tó ní eruku, ìlà yẹn ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbé e lé ẹ̀rọ.